Orí Bàbá àti Ọwọ́ Inú Awò

Ẹni tó bá mọ Ọwọ́fúyẹ́ kó tó ṣubú yóò mọ̀ pé ọkùnrin náà kì í wo ọwọ́ ara rẹ̀ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Agẹrun ni. Ẹ̀yìn àga irin kan ló máa ń dúró sí, oníbàárà á jókòó síwájú rẹ̀, àwọn méjèèjì á sì kọjú sí dígí gbọọrọ kan tó gba ògiri láti òkè délẹ̀. Inú dígí yìí ló ti ń rí gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló sì gba ìkìlọ̀ kan náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́: “Ọwọ́ lè tàn ẹ́ jẹ. Ó lè sọ fún ẹ pé òun ti gẹ ẹ́ dọ́gba, kó jẹ́ pé irọ́ ni. Dígí ò mọ ẹnikẹ́ni, kò sì ń ṣojúsàájú. Ohun tó bá fi hàn ẹ́ ni kó o gbà gbọ́.”

Àwọn oníbàárà ló fún un ní orúkọ yẹn. Wọ́n ní bó bá ń gẹ irun, ńṣe ló dà bíi pé eṣinṣin bà léni lórí, tó tún fò lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, gílóòbù tó wà lókè dígí kú. Ọwọ́fúyẹ́ gun àpótí láti pààrọ̀ rẹ̀, àpótí yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ orí gbá apá àga irin. Ó dìde fúnra rẹ̀. Ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀, ó tilẹ̀ gẹ irun ẹni méjì sí i kó tó ti ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ pọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ ló ti rọ́ sábẹ́ agbárí lápá òsì, tó ń tẹ ọpọlọ mọ́lẹ̀. Àwọn dókítà dá agbárí náà lu, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ jáde, ẹ̀mí kò bọ́. Ọ̀rọ̀ padà sẹ́nu rẹ̀. Ẹsẹ̀ padà sípò. Ọwọ́ ọ̀tún, tí apá òsì ọpọlọ ń darí, ni kò padà. Ó ń rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dirodiro bí apá ẹ̀wù tí ẹnikẹ́ni kò kì ọwọ́ bọ̀.

Wàhálà kejì ti orí Bàbá jáde. Kì í ṣe láti inú rẹ̀ o, láti òde rẹ̀ ni.

Bàbá, tó bí Ọwọ́fúyẹ́, ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ ni kó tó fẹ̀yìn tì, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ yìí àti Ìyá Ìbejì, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ló sì ń gbé láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Láti ọjọ́ tí Ọwọ́fúyẹ́ ti kọ́kọ́ di kílípà mú, kò sí ẹlòmíràn tó fọwọ́ kan irun Bàbá. Orí rẹ̀ gan-an ni ọmọ fi kọ́ṣẹ́. Àpá kékeré kan wà lẹ́yìn etí rẹ̀ tó máa ń fi han àlejò bí ẹni ń fi ìwé ẹ̀rí hàn. Nígbà tí ọwọ́ kọṣẹ́, oṣù mẹ́rin kọjá, irun Bàbá hù, ó funfun, ó rí wúruwùru bí òwú tí atẹ́gùn tú.

“Bàbá, ẹ jẹ́ n pe agẹrun òdìkejì títì wá,” Ìyá Ìbejì á bẹ̀bẹ̀.

“Kó wá ṣe kí ni? Wọ́n ní wọn kì í fárí lẹ́yìn olórí. Èmi ní wọn kì í fárí lẹ́yìn ẹni tó ni kílípà.”

“Ẹyẹ ò ní pẹ́ yé ẹyin síbẹ̀ o.”

“Bó bá yé e, kó o dín in fún mi láàárọ̀.”

Ọwọ́fúyẹ́ á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í dé ọ̀fun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé ní ìlú mìíràn, ti tẹ̀ wọ́n láago pé ọ̀dọ̀ òun ló kàn kí Bàbá wá gbé. Ó dá ọjọ́: Sátidé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i.

“N ò ní mú Bàbá wọlé pẹ̀lú igbó lórí,” Àǹtí sọ nínú fóònù. “Bí o bá lè gẹ ẹ́, gẹ ẹ́. Bí o ò bá lè gẹ ẹ́, agẹrun wà nísàlẹ̀ ilé mi.”

Kò sọ ọ́ láti fi gún un lára. Síbẹ̀, láti ọjọ́ yẹn ni Ọwọ́fúyẹ́ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ dúró sí. Àwọn oníbàárà yòókù ti wá ibòmíràn lọ, kò sì bínú sí wọn. Ẹni tí irun ń yọ lẹ́nu kò lè máa dúró de ara ẹlòmíràn kó yá. Orí kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù tó ṣì ń dúró dè é. Bí agẹrun mìíràn bá fi lè kan orí yẹn, a jẹ́ pé ó ti tán nìyẹn: yóò ta àga irin náà, yóò yọ dígí kúrò lára ògiri, orúkọ tí wọ́n fún un yóò sì di àwàdà burúkú.

Ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi awò wo apá rẹ̀.

Yàrá náà wà ní òpin ọ̀ọ̀dẹ̀ gígùn kan ní ilé ìwòsàn. Tábìlì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n tẹ́ rọ́bà dúdú sí, àga méjì, àti aago ògiri tó fi ìṣẹ́jú mẹ́jọ rẹ̀yìn, tí gbogbo èèyàn sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi mẹ́jọ kún un. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń ṣe ìtọ́jú níbẹ̀ kì í wọ bàtà onígigísẹ̀, kì í sì í jókòó. Dókítà Apá ni àwọn aláìsàn ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ. Ó gbé awò ńlá dúdú kan jáde, irú èyí tí àwọn tó ń jó irin máa ń fi bojú, àmọ́ tí èyí kò ní ibi tí èèyàn lè yọjú sí. Ó fi ohun ìdìmú kan, tó rí bí etí ife, sí ọwọ́ òsì Ọwọ́fúyẹ́; ó fi bẹ́líìtì rírọ̀ de irú rẹ̀ kan mọ́ ọwọ́ ọ̀tún. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣàlàyé: bí ọ̀nà inú ọpọlọ ṣe ń dí, bí ojú ṣe lè kọ́ ọpọlọ lẹ́kọ̀ọ́, bí ọwọ́ òsì yóò ṣe máa ṣamọ̀nà ọ̀tún. Lásìkò náà, àlàyé tó bá ti gùn ju gbólóhùn mẹ́ta lọ máa ń dà bí omi inú apẹ̀rẹ̀ létí Ọwọ́fúyẹ́. Ó mi orí. Ìyá Ìbejì, tí ì bá gbọ́ ọ dáadáa, wà lórí ìlà níwájú fèrèsé oògùn.

Òkùnkùn kọ́kọ́ bò ó. Lẹ́yìn náà, yàrá mìíràn là sílẹ̀ níwájú rẹ̀, tó mọ́lẹ̀ ju èyí tó wà nínú rẹ̀ lọ.

“Ẹ wo iwájú yín, sà. Kí lẹ rí?”

“Tábìlì funfun. Ife pupa kan. Pẹpẹ kan lára ògiri. Ọwọ́ kan.”

“Ọwọ́ wo?”

“Ọ̀tún.”

“Ó dáa. Ẹ ronú pé ọwọ́ méjèèjì lẹ fẹ́ gbé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ bá mi gbé ife yẹn sórí pẹpẹ.”

Ọwọ́fúyẹ́ gbìyànjú. Ọwọ́ ọ̀tún tó wà níwájú rẹ̀ na ìka, ó di ife mú, ó gbé e kúrò lórí tábìlì, ó sì gbé e ka orí pẹpẹ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó fi ọmọ jòjòló sílẹ̀ kó máa sùn. Kò mọ̀ ọ́n lára rárá. Èjìká rẹ̀ kò sọ ohunkóhun fún un, ìgbọ̀nwọ́ kò sọ, ìka kò sọ. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ rí i. Ọwọ́ lè tàn ọ́ jẹ. Ohun tó dúró gbọọrọ síwájú rẹ tó ń fi ọwọ́ hàn ọ́, òun ni kó o gbà gbọ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì bo gíláàsì, débi pé Dókítà Apá ní láti bọ́ awò náà kó sì nù ún.

“Ẹ rí i, Dókítà? Ẹ rí i bó ṣe gbé e?”

“Mo rí i, sà. Ẹ ṣe dáadáa gan-an.”

Ohun tó rí ni bí eré inú awò náà ṣe lọ lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì rò pé ohun tí aláìsàn òun ń bi òun nìyẹn. Ọwọ́fúyẹ́ wolẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí rọ́bà dúdú níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ó dorí kodò, kò rìn bí ìwọ̀n ọmọ ìka. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó wo awò tó wà lọ́wọ́ obìnrin náà. Ọgbọ́n tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé ọwọ́ náà ti gbé ife, ó sì ti padà sáyè rẹ̀.

Bí ó ṣe ń lọ nìyẹn, ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀. Nínú awò, ọwọ́ ọ̀tún ń to ife jọ mẹ́fà mẹ́fà, ó ń ṣí fèrèsé, ó ń nu eruku. Kò ní àpá kankan, bẹ́ẹ̀ Ọwọ́fúyẹ́ ní àpá abẹ kan lórí àtàǹpàkò ọ̀tún láti ọdún tó ti pẹ́. Ó ṣàkíyèsí èyí. Ó ní ó ṣeé ṣe kí awò má lè rí ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sì bọ́ awò kúrò, ọwọ́ á kú.

Nílé, ó gbìyànjú títí. Ọwọ́ kò dìde níwájú oúnjẹ, kò dìde nílé ìwẹ̀. Ó tijú láti sọ fún Dókítà Apá, bí òbí tí ọmọ rẹ̀ ń gbégbá orókè nílé ìwé, tó wá ń ṣe bí ẹni tí kò mọ A lójú àlejò. Ó ronú kan dé òmíràn. Bóyá ilé ni ọwọ́ kò fẹ́. Bóyá ooru ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní kí Ìyá Ìbejì tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, kó gbé ife kan sí i. Ìyá Ìbejì gbé ife aláwọ̀ búlúù wá.

“Pupa ni,” Ọwọ́fúyẹ́ wí.

“Ẹ̀hẹn?”

“Ife ibẹ̀, pupa ni. Wá èyí tó pupa.”

“Bàbá Ìbejì, ṣé ọwọ́ yín ti ń fi àwọ̀ yan ife ni?”

“Ṣáà wá a.”

Ó lọ yá ife pupa lọ́wọ́ ará ilé kejì. Wọ́n gbé e síbẹ̀. Ọwọ́fúyẹ́ jókòó, ó tẹjú mọ́ ife náà títí ojú fi ń ta á, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì gbéra kúrò lórí tábìlì láìjẹ́ pé ó rán an níṣẹ́. Ọ̀tún kò mira. Láti orí àga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, Bàbá bèèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀, nítorí kò ríran dé ibẹ̀.

“A ń dúró de ọwọ́ ni, Bàbá,” Ìyá Ìbejì dáhùn.

“Ṣé ó sọ ìgbà tó máa dé?”

Ojú oorun kọ́ ni ọgbọ́n ti wá bá Ọwọ́fúyẹ́. Ibi tó ti ń fi ọwọ́ òsì fọ eyín ni, níwájú dígí kékeré ilé ìwẹ̀. Ó rí ojú ara rẹ̀, ó sì dúró. Kí ló wà nínú yàrá Dókítà Apá tí kò sí nílé? Ohun kan tó dúró síwájú rẹ̀ tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ hàn án. Níbo ni irú rẹ̀ tún wà? Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ọwọ́ yìí fi ṣiṣẹ́ níwájú dígí. Kì í ṣe ilé, kì í ṣe ife. Dígí ṣọ́ọ̀bù ni ọwọ́ ń wá.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ọjọ́ mẹ́ta kí Àǹtí tó dé, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù. Eruku ti bo òòyà. Ìyá Ìbejì nu dígí, ó nu àga, ó mú Bàbá jókòó. Aṣọ ìbora gba wàhálà díẹ̀: Ọwọ́fúyẹ́ fi eyín di etí kan mú, ó fi ọwọ́ òsì di èkejì mú, Bàbá sì di ìdí rẹ̀ fún un lẹ́yìn ọrùn ara rẹ̀.

“Oníbàárà tó ń de ara rẹ̀ mọ́lẹ̀,” Bàbá wí. “Irú mi ṣọ̀wọ́n.”

Ọwọ́fúyẹ́ tan kílípà, ó fi ọwọ́ òsì kì í bọ ọwọ́ ọ̀tún, ó sì ká ìka rẹ̀ mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé ọwọ́ náà ka àtàrí Bàbá. Lẹ́yìn náà, ó ṣe gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe nínú awò: kò wo ọwọ́ mọ́, iwájú ló wò. Ó ronú pé òun fẹ́ gbé ọwọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó sì gbé wọn.

Òsì dìde. Inú dígí ló ti rí i tó dìde lóun nìkan, bí ọmọ ilé ìwé tó mọ ìdáhùn. Ọ̀tún, tí kò sí ẹni tó dì í mú mọ́, ṣubú. Kílípà gba àtàrí Bàbá kọjá, ó gba ẹ̀yìn etí, ó já bọ́ sí èjìká, ó ń kùn lórí aṣọ ìbora bí kòkòrò. Ìyá Ìbejì pariwo, ó fà á yọ lára iná.

Ojú ọ̀nà kan là gbalaja láàárín irun funfun náà, láti àtàrí títí dé etí. Kò sí ẹ̀jẹ̀.

“Ṣé ó ti tán?” Bàbá bèèrè.

Bàbá fi ìka wá orí rẹ̀ títí ó fi kan ibẹ̀, ó sì tọ̀ ọ́ dé ìpẹ̀kun.

“Ọ̀nà ńlá rèé. Ta ló fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá?”

“Bàbá, ẹ má bínú,” Ọwọ́fúyẹ́ wí. “Mo rí i tó ń ṣe é. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ ni mò ń rí i tó ń ṣe é níbẹ̀. N ò mọ ohun tó ń ṣe mí. N ò mọ̀ bóyá ojú ló ń ṣe mí ni àbí ọwọ́.”

“Àga yìí ló dùn mí, kì í ṣe orí,” Bàbá wí. “Fún mi ní fìlà.”

Ní Ọjọ́bọ̀, Ọwọ́fúyẹ́ kò jẹ́ kí Dókítà Apá de bẹ́líìtì tán tó fi bèèrè.

“Dókítà, ẹ dá mi lóhùn, mo bẹ̀ yín. Ọwọ́ ta ni ọwọ́ inú ibẹ̀ yẹn?”

Obìnrin náà dúró. Ó wo Ìyá Ìbejì, tó jókòó ní igun yàrá lọ́jọ́ náà. Ìyá Ìbejì sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù fún un, láti orí ife pupa dé orí fìlà. Dókítà Apá gbọ́ ọ tán. Ó jókòó. Wọn kò rí i kó jókòó rí.

“Ẹ̀bi mi ni,” ó wí. “Mo rò pé àlàyé ọjọ́ àkọ́kọ́ yé yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dé e. N ò ní sọ ohunkóhun. Ẹ kàn jẹ́ kí ọwọ́ òsì yín sinmi pátápátá, kẹ́ ẹ tó gbìyànjú láti gbé ife.”

Ó dé e. Yàrá mímọ́lẹ̀ là sílẹ̀. Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ ronú kan ọ̀tún. Ọwọ́ tí kò ní àpá náà jókòó sórí tábìlì funfun bí ohun tí wọ́n gbé síbẹ̀ fún títà. Ọwọ́fúyẹ́ mí kanlẹ̀. Ó gbé ìka ìlábẹ̀ òsì rẹ̀, ìka kan ṣoṣo. Ìka ìlábẹ̀ ọ̀tún inú awò dìde. Ó gbé e sílẹ̀. Ti inú awò náà lọ sílẹ̀. Ó tún ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn.

“Òsì ni,” ó wí lábẹ́ awò.

“Òsì ni, sà. Òsì ló ń rìn, ọ̀tún la ń fi hàn yín.”

“Ẹ̀ ń purọ́ fún mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.”

“Ọpọlọ yín là ń purọ́ fún. Ó ti gbàgbé pé ọ̀tún wà. Bó bá ń rí i tó ń rìn, tẹ́ ẹ sì ń rò ó pé ẹ fẹ́ kó rìn, ó lè rántí ọ̀nà.”

“Èmi wá ńkọ́? Níbo ni èmi wà nígbà tẹ́ ẹ̀ ń bá ọpọlọ mi sọ̀rọ̀?”

Dókítà Apá fa ìwé kan yọ lábẹ́ kọ̀ǹpútà. Ohun ìdìmú tí bẹ́líìtì dè mọ́ ọn lọ́wọ́, ó wí, a máa wọn ọ̀tún gan-an, bó bá mira. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: òfo. Ọ̀sẹ̀ kejì: òfo. Ní Ọjọ́ Ajé tó kọjá: àtàǹpàkò, ẹ̀ẹ̀mejì, díẹ̀ báyìí, ó fi ìka méjì han Ìyá Ìbejì bí ó ṣe tó, àlàfo tí ẹ̀wà kan kò lè gbà kọjá.

“Mi ò gbọ́ ọ lára,” Ọwọ́fúyẹ́ wí.

“Mo mọ̀. Ìyẹn náà ló jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ dípò kí n sọ ọ́. Mi ò fẹ́ ṣèlérí.”

Wọ́n sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ṣùgbọ́n bí Ọwọ́fúyẹ́ ṣe ń rin ọ̀ọ̀dẹ̀ náà bọ̀, kò mọ èwo ni irọ́ nínú méjèèjì, kò sì mọ èwo ló ń lé èwo. Ọwọ́ tó rí pé ó rìn, kò rìn. Èyí tí kò rí, tí kò sì gbọ́ lára, ìwé sọ pé ó rìn. Ó bi Ìyá Ìbejì léèrè bóyá ó yé e.

“Kò yé mi,” Ìyá Ìbejì wí. “Àmọ́ ìwé yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ ọ́. Ẹni tó fẹ́ parọ́ á kọ ọ́ ní mẹ́wàá.”

Ní Sátidé, Àǹtí dé láàárọ̀. Ó kí wọn yíká, ó gbé àpò Bàbá síta, ó sì ṣí fìlà lórí rẹ̀ láti wo ohun tí wọ́n ti ń sọ fún un lórí fóònù.

“Yéè! Ta ló fi ọkọ́ ro orí Bàbá mi?”

“Ọmọ rẹ̀,” Bàbá dáhùn. “Ó ku ìdajì oko.”

“Ẹ jẹ́ ká máa lọ, Bàbá. Agẹrun mi á tún un ṣe kó tó dọ̀sán.”

“Agẹrun tìẹ.” Bàbá gba fìlà rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà, ó sì fi í sí àpò. “Ìwọ ọmọ yìí, o kàwé, o ń darí ilé ìwé, o ò mọ̀ pé iṣẹ́ tí èèyàn bá fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà kì í ṣe ti ẹlòmíràn láti parí? Ẹ mú mi lọ sórí àga yẹn. Bí mo bá dìde níbẹ̀ láìgẹ irun, mo ti gbà, ẹ máa gbé mi lọ síbi tó bá wù yín.”

Báyìí ni wọ́n ṣe wà ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọwọ́fúyẹ́ ká ìka ọ̀tún mọ́ kílípà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò jẹ́ kí òsì rẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé ní ìwé kíkọ. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni wọ́n ń wí; ti òní, òsì nìkan ló ń wẹ̀. Kílípà kùn. Ó gba etí ojú ọ̀nà tó ti là lọ́jọ́ kìíní, irun sì bẹ̀rẹ̀ sí í já, funfun, lórí aṣọ ìbora. Kò yá. Kò dọ́gba. Bàbá tẹ orí rẹ̀ wálẹ̀, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀ sí ibi tí kílípà wà, bí ẹni tó gbé orí sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ omi. Àǹtí fà sẹ́yìn kó má baà dí ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

Ó ti kù díẹ̀ lẹ́yìn etí, níbi àpá ìgbà ìkọ́ṣẹ́, nígbà tí irun bọ́ sójú Bàbá. Bàbá sín. Láìrò ó, Ọwọ́fúyẹ́ ṣí òsì kúrò láti nu ojú fún un, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń nu ún fún gbogbo ẹni tó bá sín lórí àga náà.

Kílípà kò ṣubú.

Ó wà lẹ́yìn etí, ó ń kùn, irun sì ń já lábẹ́ rẹ̀. Ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi lè ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ọwọ́fúyẹ́ rí i nínú dígí. Ó rántí bí òun ṣe rí ọwọ́ tó gbé ife pupa, ó sì ṣe ohun tí kò ṣe rí lẹ́nu iṣẹ́ láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n: ó yí ojú kúrò lára dígí, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Àpá abẹ wà lórí àtàǹpàkò. Àtàǹpàkò náà tẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kílípà. Bóyá ó tẹ̀ mọ́ ọn, bóyá ibẹ̀ ló kàn wà láti ìgbà tí òun ti ká a. Ẹ̀yìn orí Bàbá sì ń lọ sókè sódò díẹ̀, bí ó ṣe ń mí. Lẹ́yìn náà ni kílípà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, tí òsì sì sáré gbá a mú.

“Bàbá,” ó wí. “Ṣé ẹ̀yin lẹ mi orí yín ni?”

“Èmi? Mo ti ń tòògbé.”

“Àǹtí mi, ẹ rí i?”

“Ojú Bàbá ni mò ń wò,” Àǹtí wí. “Kí ló ṣẹlẹ̀?”

Ó wo Ìyá Ìbejì. Ìyá Ìbejì gbé èjìká sókè. Omi wà lójú rẹ̀, ẹni tó sì ń sunkún tó tún ń ríran kì í lè búra lórí ohun tó rí.

Ọwọ́fúyẹ́ parí èyí tó kù, òsì lórí ọ̀tún. Ó gbọn aṣọ ìbora, ó fi páúdà sí Bàbá lọ́rùn. Orí náà mọ́. Ó ní kòtò, ó ní gegele, ó rí bí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ebè orí rẹ̀ ká, ṣùgbọ́n kò sí irun tó ṣẹ́ kù lórí rẹ̀ tí agẹrun kankan lè rí gé. Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pa á látiwájú dẹ́yìn, ó pẹ́ díẹ̀ lórí àpá ẹ̀yìn etí. Ó dìde. Ó di apá Àǹtí mú, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí ibi tó rò pé ọmọ rẹ̀ wà.

“Ìgbà wo ni kí n padà wá?”

Ìbéèrè tí gbogbo oníbàárà ń bi í ni, èsì kan náà ló sì ti ń fún wọn láti ọjọ́ tó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó rò ó.

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Bàbá.”

“Ó dáa. Kó o sọ fún ọwọ́ yẹn.”

Nígbà tí mọ́tò wọn lọ tán, Ìyá Ìbejì mú ìgbálẹ̀. Ọwọ́fúyẹ́ ní kó jẹ́ kí irun náà ṣì wà nílẹ̀ ná. Ó jókòó sórí àga irin, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún ka itan. Ó wò ó nínú dígí, ó wò ó níbi tó wà, ó tún wò ó nínú dígí. Kò mọ èyí tí òun ì bá bi léèrè.